Yanrìn Inú Gìtá Yeslem

Yeslem yọ ahọ́n, ó fi kan orí bátìrì onígun mẹ́rin náà, ó sì fajú ro. Bátìrì bù ú jẹ. Iná wà nínú rẹ̀, iná pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, inú Yeslem sì bàjẹ́. Gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù Hademin ní ọjà fóònù ìlú Nuakṣọ́ọ̀tì ló ń gbàdúrà kí bátìrì òun má tíì kú. Yeslem nìkan ló ń gbàdúrà kí tirẹ̀ ti kú.

"Ẹ ti rí i báyìí," Hademin ní. "Mo ṣáà ti sọ fún yín. Àná ni mo yọ ọ́ nínú páálí."

"Ó lè jẹ́ pé orí rẹ̀ ló gbóná, tí inú rẹ̀ ti tutù."

"Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ni, kì í ṣe ìyàwó."

Yeslem kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bátìrì sílẹ̀, ó ní kí Hademin mú òmíràn wá.

Ohun tó gbé e débẹ̀ nìyí. Ìran akọrin ni wọ́n bí Yeslem sí, ní ìlú Nẹ́mà lápá ìlà-oòrùn. Bàbá rẹ̀ a máa ta tidinit, ohun èlò olókùn mẹ́rin tí wọ́n fi awọ bò lójú. Ó so irin pẹlẹbẹ kan tó kún fún òrùka wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kó lè máa hó yaya bí ọwọ́ bá ti kan okùn, torí ohùn tó bá mọ́ jù, àwọn baba wọn ní kò ní egungun. Nígbà tí gìtá dé tó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tidinit, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló gba ipò irin náà. Pẹ́dà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á há bí ọ̀fun ẹni tó figbe ta mọ́jú. Yanrìn ni àwọn akọrin ń pe ìháhùn yẹn. "Bu yanrìn sí i," ni obìnrin tó ń kọrin á sọ fún onígìtá rẹ̀, onígìtá á sì fi gìgísẹ̀ tẹ àpótí.

Ṣùgbọ́n yanrìn ní àyè tirẹ̀. Ọ̀nà márùn-ún ni orin wọn ní, bí yàrá márùn-ún tó wọnú ara wọn. Wọn á kọ́kọ́ wọ karr tí í ṣe ti ayọ̀, wọn á bọ́ sí fagu tí í ṣe ti ogun, wọn á wá bọ́ sí dúdú, láti dúdú sí funfun, kí wọ́n tó fi lebteyt, ti ẹkún, parí rẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde nínú yàrá kan kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni yòówù kó bẹ̀ ẹ́. Nínú dúdú, bí yanrìn bá ṣe pọ̀ tó ni orin ṣe ń dùn tó. Nínú funfun, ẹyọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ bọ́ sí i. Wàrà ni wọ́n ń pe funfun, ta ni yóò sì jókòó mu wàrà oníyanrìn?

Nebguha, àbúrò Yeslem obìnrin, ló ń kọrin. Yeslem ló sì ń ta gìtá fún un láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú kirikiri. Apá ọ̀tún Nebguha ni ìjókòó rẹ̀. Kò ní ràkúnmí, kò ní ilẹ̀, kò mọ iṣẹ́ mìíràn í ṣe, tíì lásán kò mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó kó hó. Ó fẹ́ ìyàwó nígbà kan, ìyàwó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó ní òun kò lè máa bá gìtá du ibùsùn. Yeslem sunkún fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì padà sídìí okùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìjókòó apá ọ̀tún yẹn ṣì wà, òun náà ṣì jẹ́ ènìyàn.

Bí ọdún kan sẹ́yìn ni yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá nínú gìtá rẹ̀. Yóò tẹ àpótí, ohùn á sì jáde ní mímọ́ bí ẹni pé kò tẹ nǹkan kan. Ó dẹ́bi fún wáyà, ó pààrọ̀ wáyà. Ó dẹ́bi fún atẹ́gùn òkun tó ń mú irin dípẹtà. Nígbà tó yá, iná ìlú ló wá di ẹlẹ́ṣẹ̀: ó ní iná náà kì í kún tó, pé ebi ló ń pa àpótí òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí ohùn sókè, tó ń yí i sókè, títí Nebguha fi pariwo bo gìtá níbi ìsọmọlórúkọ kan débi pé ohùn rẹ̀ já. Nígbà tí wọ́n délé, Nebguha jókòó tì í, ó fi omi gbígbóná rẹ ọ̀fun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ lọ tún àpótí yẹn ṣe," ó ní. "Ìgbéyàwó ilé Ahl Mennan ló kàn. Ẹ mọ̀ pé ìyá àgbà wọn sọ kó tó kú pé èmi ni kí n kọ orin ìdárò òun, nínú funfun, lójú gbogbo ẹbí. Bó bá tún rí bí ti òní, màá ní kí ẹlòmíràn wá jókòó lápá ọ̀tún. Ẹ má bínú sí mi."

"Iná ìlú ni, Nebguha."

"Tó bá jẹ́ iná ni, ẹ wá iná tiyín dání."

Ìdí nìyí tó fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Hademin láti òwúrọ̀, tó ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ rárá. Ó mọ̀ díẹ̀. Kì í gbọ́ ẹyẹ mọ́ láàárọ̀, ó ní àwọn ẹyẹ ti kó lọ síbòmíràn. Kì í gbọ́ ìgbà tí ìkòkò tíì bá ń súfèé lórí èédú, ó ní ìkòkò ayé òde òní kò mọ nǹkan kan. Èèyàn lè tan ara rẹ̀ jẹ kó sì yó bámúbámú. Àwọn tó yí i ká, ta ni nínú wọn ló fẹ́ sọ fún un? Ìran akọrin kì í ṣe ẹni tí a ń mú bínú ní ilẹ̀ yẹn. Ẹni tí wọ́n bá fi kọrin, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà gbogbo wọn ń bá a dẹ́bi fún iná.

Hademin to àpótí márùn-ún kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan rí róbótó bí àkàrà, ọ̀kan jẹ́ èyí tí Hademin fúnra rẹ̀ kọ́ sínú agolo sàdíìnì. Ó tún kó oríṣiríṣi iná alágbèéká wá: èyí tí wọ́n fi ń gba fóònù là lọ́nà, tó so wáyà kan mọ́ kí iná rẹ̀ lè ga tó ti pẹ́dà, bátìrì alùpùpù tó fi okùn dì, àti pálábá dúdú kan tí wọ́n ṣe fún àwọn onígìtá gan-an, ẹnu rẹ̀ pọ̀ láti fi bọ́ àpótí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Yeslem so gìtá mọ́ èyí pupa, ó so èyí pupa mọ́ ti fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ta okùn. Ó mi orí.

"Kò sí yanrìn níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, yanrìn ti kún gbogbo àdúgbò. Ẹ wo ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní ọ̀kánkán yẹn, ó ti fi láwàní di etí."

Yeslem wò ó. Lóòótọ́, ọkùnrin náà ti fi láwàní wé orí dé ojú.

"Òtútù ló ń mú un."

"Òtútù? Nínú ooru tí ewúrẹ́ ń wá òjìji yìí?"

Ó yọ ti fóònù, ó ki bátìrì alùpùpù bọ̀ ọ́. Kó tó so wáyà rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi ahọ́n kan ẹnu rẹ̀, ó bù ú jẹ, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ta okùn. Kò sí yanrìn. Ó mú èyí tó rí róbótó, kò sí. Ó mú ti agolo sàdíìnì. Ọkùnrin káàdì fóònù dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó sì kó lọ sí ìkángun òpópónà. Ó mú pálábá dúdú, ó fi ahọ́n kan gbogbo ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò bù ú jẹ nínú wọn. Ahọ́n rẹ̀ ti wú. Ohùn gìtá sì ń jáde sí etí rẹ̀ bí omi tí a sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo iná ló yè. Gbogbo àpótí ló yè. Kí ló wá kú?

Ìbéèrè yẹn dúró lọ́kàn rẹ̀, ó sì wúwo. Hademin dìde lẹ́yìn tábìlì. Ó gbé tíì lórí èédú, ó bù ú láti ife dé ife kó lè hó, ó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí sílẹ̀, ó sọ nǹkan kan nísàlẹ̀ ẹnu. Yeslem rí ètè rẹ̀ tó mì.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ gba tíì, kó má tutù."

Ohun tó wí kọ́ nìyẹn, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Yeslem mu tíì náà. Ó dùn, ó korò, bó ṣe yẹ kí ife àkọ́kọ́ rí. Ó fi ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde kó lè fi dìde, ìka rẹ̀ sì ṣèèṣì kan okùn gìtá tó wà ní àyà rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jí. Nǹkan kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí oyin nínú ilé. Ó tẹ àpótí, oyin dákẹ́. Ó tún un tẹ̀, oyin padà dé.

"Yanrìn rèé!" ó ní. "Hademin, yanrìn rèé, ó wà níbẹ̀!"

"Mo ti sọ fún yín láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó ra èyí tó rí róbótó pẹ̀lú pálábá dúdú. Ó ti ní ètò: tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yanrìn wà, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, yanrìn lọ. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ sílé kéú lè ka ìyẹn. Bó bá ṣáà ti lè máa fi orí kà á, etí lè sinmi. Ó rìn dé ìdí ògiri mọ́sáláṣí, ó jókòó, ó fa láwàní bo ojú, ó sì sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ó sì ń rí i kedere nínú ẹkún náà pé onígìtá tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ orin ara rẹ̀ kò ní pẹ́ tán. Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ilé Ahl Mennan.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta àgọ́ ńlá sí ojú yanrìn òpópónà ní àdúgbò Àráfà, wọ́n tẹ́ ẹní aláràbarà, igbá wàrà ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń wọ ẹ̀gbẹ́ àgọ́ nígbà tí Yeslem jókòó sí apá ọ̀tún àbúrò rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀, ó na ọ̀kan díẹ̀, ó fi etí agbádá búlúù rẹ̀ bo àpótí àti iná rẹ̀ kí yanrìn ilẹ̀ má bàa wọ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ ohùn wà lórí òpó lẹ́nu àgọ́, ó jìnnà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dáa àbí?" Nebguha bi í.

"Ó dáa ju ti bàbá wa lọ."

"Ẹ má ba bàbá jẹ́ fún mi o." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, Yeslem sì mọ̀ pé àbúrò òun ṣì ń retí pé kó dáa.

Ó dáa. Wọ́n gba karr kọjá, wọ́n gba fagu kọjá, ọwọ́ rẹ̀ mọ ojú okùn bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé. Nínú dúdú ó tẹ àpótí lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọ́ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ó rí i lójú àwọn ọkùnrin: wọ́n dìde, wọ́n ń ju láwàní sókè, wọ́n ń kígbe pé kó bu kún un. Iná ìlú lọ láàárín rẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ohùn jí padà, iná tí Yeslem gbé wá kò sì ṣẹ́jú rárá. Nebguha wò ó, ó mi orí sí i bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ó ti pẹ́ tí inú Yeslem ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Bí Nebguha ti fi ohùn fa orin kúrò nínú dúdú, Yeslem tẹ àpótí lẹ́ẹ̀kejì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, agbádá ká sí i lábẹ́, àpótí kò sì wọlé. Onígìtá tó bá ní etí á ti mọ̀ kó tó mí. Yeslem kò wòye rárá, ó ti kà á, ó ti pé méjì. Ó wọ inú funfun.

Nebguha gbé orúkọ ìyá àgbà náà sókè. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó ń fi wàrà ránṣẹ́ sí wa ní ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ ti lọ, pé igbá ṣófo, pé a kò mọ ẹni tí a ó dá igbá padà fún. Yeslem fi gìtá tẹ̀lé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, kò tíì ta gìtá bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí i pé orin ń wọ àwọn ènìyàn lára. Ìyá ìyàwó ti fa ìborùn bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ dé etí. Ó ń nu omijé, Yeslem rò bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Arúgbó kan nínú ilé Ahl Mennan, ẹ̀gbọ́n òkú, tẹ̀ síwájú láti orí ẹní tirẹ̀, ó la ẹnu, ó sọ̀rọ̀ sí i. Ohun tó sọ ni pé, "Yeslem, yanrìn lò ń dà sínú wàrà wa." Yeslem rí ètè rẹ̀. Ó rò pé ó ń yin òun ni. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba fún un, ó sì yí ohùn sókè díẹ̀ sí i.

Iṣan ọrùn Nebguha ti yọ. Ó ń kọrin bí ẹni ń pe ènìyàn lódìkejì ìjì. Ẹsẹ ìdárò ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Nígbà tó ku ẹsẹ ìkẹyìn, ó na ọwọ́ ọ̀tún lójú gbogbo ẹbí, ó ká etí agbádá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè. Iná pupa tó ń sọ pé yanrìn wà ń tàn rekete lójú àpótí. Nebguha fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Iná pupa kú.

Yeslem rí i tó kú. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí okùn. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí gidigidi, bí ẹni tó ń tú àpò wá kọ́kọ́rọ́ tó dá a lójú pé ó kó síbẹ̀. Ohùn gìtá ń jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan kò kúrò nínú rẹ̀, nǹkan kan kò kún un. Àgọ́ ló yí padà. Èjìká gbogbo ènìyàn rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ìyàwó ṣí etí rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ẹkún wá gbà á, ẹkún gidi, Yeslem sì rí i pé èyí tó rí lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹkún.

Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí Yeslem kò gbọ́ nǹkan kan, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Nebguha parí ẹsẹ ìkẹyìn. Bí àwọn obìnrin ti ń pàtẹ́wọ́ fún un kó lè mí, ó yí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbínú ló gbé e yí, ó hàn lójú rẹ̀. Ó fi ẹnu kan etí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí lẹ gbọ́?"

Yeslem wo àpótí náà tí agbádá kò bò mọ́, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Nebguha wò ó títí. Ìbínú kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó wá rọ́pò rẹ̀ sì burú ju ìbínú lọ fún Yeslem. Ó rọra fa etí agbádá bo àpótí padà, bí ẹni ń bo aláìsàn.

Orin ìdárò ti lọ. Yàrá funfun ti tì, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣí lọ́jọ́ náà kí wọ́n lè kọ ọ́ fún òkú bó ṣe yẹ. Lebteyt ló kù. Nebguha wọ inú rẹ̀. Yeslem ta okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá ọwọ́ dúró, torí pé kò mọ ohun tó ń jáde lọ sí etí àwọn ènìyàn mọ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí okùn. Ó ń retí kí Nebguha yíjú wo òun, kó ṣẹ́jú sí òun pé kó máa bọ̀, bó ti máa ń ṣe bí òun bá ṣìnà. Nebguha kò yíjú. Ó sún síwájú díẹ̀ lórí ẹní, ó fi àtẹ́wọ́ àwọn obìnrin gbé orin náà lọ dé òpin. Wọ́n parí rẹ̀ láìsí gìtá, gbogbo àgọ́ sì ní ó dùn.